Ìpìlẹ̀ Tuntun Lábẹ́ Ilé Àtijọ́

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Odòde, ní Ìdànrè, nígbà náà yóò sọ fún yín pé n kì í gba ìgbàkugbà. Ìṣó, sìmẹ́ńtì, kọ́kọ́rọ́ àti ìdè ilẹ̀kùn ni mò ń tà. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà ni oníbàárà mi, obìnrin tó bá sì fẹ́ bá irú wọn ṣòwò, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ju ayùn wọn lọ. Tèmi mú dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, dúró sẹ́yìn ilé wa tó ki ọwọ́ bọ inú ògiri títí dé ọrùn ọwọ́, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó yọ ọwọ́ náà, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, ó wojú mi. Ó ní kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ìyá mi gbọ́dọ̀ jáde nínú ilé yẹn, nítorí wọn yóò wó o kó tó wó fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ilé náà kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ilẹ̀ wa dagẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ òkè la wà. Bí ẹ bá gba ojú títì wá, ilé ilẹ̀ lásán lẹ óò rí. Ẹ yí sẹ́yìn báyìí, ẹ óò bá yàrá gbọọrọ kan lábẹ́ rẹ̀, tí apá kan rẹ̀ wọnú ilẹ̀, tí apá kejì dojú kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àgbàrá ń gbà lọ. Yàrá Ìsàlẹ̀ là ń pè é. Ibẹ̀ là ń kó kòkó gbígbẹ sí nígbà ayé bàbá mi. Ibẹ̀ náà la sin bàbá mi sí, ní igun tó sún mọ́ ògiri ẹ̀yìn, nítorí inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin olórí ilé sí lọ́dọ̀ wa. Yàrá yẹn ló ru gbogbo ilé. Igun ẹ̀yìn yẹn ló sì ń rì.

Kò bẹ̀rẹ̀ lójijì. Ìlà kan ló kọ́kọ́ yọ lára ògiri, tínínrín bí irun orí. Ìyá mi fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Ọdún yí po, ìlà tún yọ, ó ti tó fi ìka bọ̀. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi ò pa dé mọ́, ẹ óò tì í títí, á tún yà sílẹ̀ bí ẹnu arúgbó tó ń sùn. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Tiwa lanu débi pé aláǹgbá tọkọtaya ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọn ò sì san owó ilé. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tí Bàbá Kékeré ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, yẹ̀yẹ́ tán lẹ́nu mi.

Ọdún tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ọyẹ́ ń jà, ewéko gbẹ, òkè orí wa funfun fún kùrukùru. Bàbá Kékeré ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó, ó wá. Èmi àti òun nìkan ni ìyá mi bí tó kù láyé. A jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá mi lójú ìyá mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àpò kòkó tí wọ́n fẹ́ kó kúrò lójú òjò. Àbúrò mi ní òun ti tún yàrá kan ṣe fún un ní Èkó, iná wà níbẹ̀, omi ń yọ nínú ilé. Bàbá Kékeré ní ohun tó dára jù lọ nìyẹn, pé bó bá jẹ́ nítorí sàréè ẹ̀gbọ́n òun ni, wọn yóò fi sìmẹ́ńtì bo sàréè náà dáadáa bí wọ́n bá wó ilé tán, wọn yóò ṣe ìbòrí sí i, ẹnikẹ́ni kò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi ò jiyàn. Gbólóhùn kan ló sọ, pé òun ò lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà tó wà nínú àtẹ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kí n sọ òtítọ́, èèyàn burúkú kọ́ ni Bàbá Kékeré. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ilé ẹnìkan ti wó nísàlẹ̀ àdúgbò wa lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, Ọlọ́run ló yọ wọ́n, oko ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. Ẹ mú un lọ sí Èkó, ẹ gbé e ka orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí kò ti ní í mọ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò ní rí ilẹ̀ gbin ewúro, tí kò ní rí ẹni tó gbọ́ èdè Ìdànrè tó ń sọ. Yóò jókòó síbẹ̀ títí tí yóò fi kú ni, ikú náà kò sì ní pẹ́. Ohun tó mú mi dìde nìyẹn. Mo ní kò sí ẹni tó máa wó ilé kankan. Mo ní ṣebí ẹsẹ̀ ilé ló ń rì, èmi yóò fi ẹsẹ̀ tuntun sábẹ́ rẹ̀ kí òjò tó dé.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi, ilé kì í ṣe bàtà."

Inú bí mi sí ẹ̀rín yẹn, mo sì rò pé ìbínú ọ̀hún ló gbé mi dé ìparí iṣẹ́ náà. Mo bi í léèrè bóyá òun ti ta ìṣó rí láyé rẹ̀. Mo ní gbogbo ọjọ́ ni mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́lé, mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Bàbá Kékeré wo èmi, ó wo ìyá mi, ó ní ó dára. Ó ní bí ilé bá gba òjò ńlá àkọ́kọ́ láìtún lanu sí i, òun kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá sì lanu, àbúrò mi yóò gbé ìyá rẹ̀ sínú mọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn ọmọkùnrin ẹbí yóò sì gun òkè ilé láti tú páànù. Gbogbo wa gbà. Wọn ò bi ìyá mi bóyá ó gbà.

Bíríkìlà tí mo mú, oníbàárà mi àtọjọ́ pípẹ́ ni, ọmọ Ìdànrè gidi. "Ìyá Oníṣòó" ló ń pè mí. Ó yí ilé náà po, ó fi ọwọ́ gbá ògiri níbí, ó gbá a lọ́hùn-ún, ó gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá ìpìlẹ̀. Ó ní òkúta àti amọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ náà, kò jinlẹ̀, àgbàrá sì ti ń jẹ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Ó ní a óò gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ títí a ó fi kan ilẹ̀ líle, a ó fi kọnkéré kún un. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo ní kó mú géńdé mẹ́wàá wá kí wọ́n gbẹ́ gbogbo ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ kan.

Ọkùnrin náà di orí mú. Ó ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé yóò ti jókòó lé wa lórí. Ó ní ibi kékeré kan la ó kọ́kọ́ gbẹ́, a ó fo ibi méjì, a ó gbẹ́ òmíràn. Bí a bá ti fi òkúta àti kọnkéré kún ihò kan, a ó dúró kó gan kí a tó fọwọ́ kan ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń pààrọ̀ àpótí lábẹ́ arúgbó tó jókòó, tí kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó dìde. Mo bá a jà lórí èyí. Mo ní òjò ò ní dúró de sùúrù rẹ̀. Ìyá mi, tó ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé, ló dá sí i. Ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, kí n jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́, ó sì nira fún mi.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà fi òpó igi ti ògiri ẹ̀yìn bí ẹni fi ọ̀pá ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó fẹ́ wó. Ọkọ̀ já yanrìn odò Ọ̀wẹnà sí ẹnu ọ̀nà wa. Sìmẹ́ńtì wọ́n nígbà náà bí ojú, ẹni tó bá rí i, á fi aṣọ bò ó. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń tà á, gbogbo èyí tó bá sì wọ ìsọ̀ mi, ẹ̀yìn ilé wa ló ń lọ. Àwọn oníbàárà mi ń kùn. Mo ní kí wọ́n lọ ra níbòmíràn, ṣé èmi ni mo bí sìmẹ́ńtì ni?

Òkúta la ò rà. Ẹ̀yin tó mọ Ìdànrè mọ̀ pé bí a bá ń ra òkúta, aṣiwèrè ni wá. Ìyá mi ló fọ́ ọ. Mo ní kó jókòó, kó sinmi, kò gbọ́. Ó kó igi gbígbẹ jọ sórí àpáta tó yọ lẹ́yìn ọgbà, ó dáná sí i láàárọ̀, ó ń kóná mọ́ ọn títí òòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí àpáta náà gbóná dáadáa, ó gbá eérú kúrò, ó da omi tútù sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ óò gbọ́ ọ, pàà! Àpáta náà á là pẹrẹsẹ bí ìgbà tí èèpo iṣu bá ṣí. Lẹ́yìn náà yóò jókòó pẹ̀lú òòlù, yóò máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Mo dúró, mò ń wò ó. Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin ìgbà wọn máa ń fọ́ òkúta, ṣùgbọ́n n kò rí i kó ṣe é rí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣì nígbà kankan. Mo bi í níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní kí n bomi wá.

Ihò kan, ihò kejì, ihò kẹta. A gbẹ́, a kún, a dúró. Bí ọyẹ́ ṣe ń lọ, tí ooru ń dé, ẹ̀yìn ilé wa ń gba ẹsẹ̀ tuntun lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbúrò bàbá mi máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko, á dúró, á wò, á tún máa lọ. Mo máa ń kí i pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu kó lè dùn ún.

Ó ku igun ẹ̀yìn, níbi tí ilé fara ti òkúta ńlá kan. Òkúta ọ̀hún tóbi tó mọ́tò, ìdajì rẹ̀ wà lóde, ìdajì wọ abẹ́ ògiri, orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé igun ilé lé. Bíríkìlà ní ká fi igun yẹn sílẹ̀. Ó ní kí la fẹ́ gbẹ́ lábẹ́ òkúta? Mo ní òótọ́ ni. Bàbá Kékeré náà tó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ní òótọ́ ni. Ọmọ Ìdànrè ni gbogbo wa. Òkè ni àwọn bàbá ńlá wa ti sọ̀ kalẹ̀ wá, lórí àpáta gan-an ni ilé wọn wà lókè lọ́hùn-ún, wọn kì í gbẹ́ ìpìlẹ̀ kankan. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ilé tó bá fara ti òkúta kì í wó. Ta ni yóò wá bi òkúta léèrè ohun tó dúró lé?

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo dé láti ìsọ̀, mo bá ìyá mi nínú Yàrá Ìsàlẹ̀, ó ń wo igun yẹn. Ògiri tún ti là. Kì í ṣe ìlà àtijọ́, tuntun ni, ó sì gba orí òkúta náà lọ tààrà sókè. Mo ránṣẹ́ pe bíríkìlà, ó sáré wá. Ó mú dígà, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta lóde, ó ń gbẹ́, ó ń gbẹ́, dígà náà ṣàdédé yọ̀ wọlé sábẹ́ òkúta bí ọ̀bẹ tó wọnú ẹ̀kọ. Iyẹ̀pẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tútù, rírọ̀. Òkúta náà ò so mọ́ nǹkan kan. Láti orí òkè ló ti yí wá sílẹ̀ láyé àtijọ́, ó jókòó sórí ilẹ̀ bí àlejò, òun gan-an ló sì ń rì tó ń fa ilé dání.

Ẹ wo bí mo ṣe bínú lọ́jọ́ yẹn. Mo bú bíríkìlà, mo bú òkúta, mo bú àwọn tó ní ilé tó bá fara ti òkúta kì í wó. Bíríkìlà jókòó sórí òkúta ọ̀hún, ó fi ọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí mo bú wọn tán, mo bi í kí ni ká ṣe. Ó ní òpó kọnkéré kan gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkúta náà sọ̀ kalẹ̀ dé orí àpáta gidi, kí igun ilé lè bọ́ lórí òkúta, kó gun orí òpó. Mo ní kó gbẹ́ ẹ nígbà náà. Ó ní kò ṣeé gbẹ́ lóde, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, yóò ya lọ pẹ̀lú òjò. Inú ilé la ó ti gbẹ́ ẹ. Mo wo ibi tó ń wò. Inú ilé, ní igun yẹn, bàbá mi ló sùn síbẹ̀.

Òkìkí dé etí Bàbá Kékeré kí n tó délé lọ́jọ́ kejì. Mo bá a ní Yàrá Ìsàlẹ̀, ó dúró gbọnin sórí sàréè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ọ̀pá gúnlẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ibẹ̀, kó kọ́kọ́ gbẹ́ òun. Ó ní a kì í jí òkú lójú oorun nítorí ògiri. Ó ní òun ti ṣe sùúrù tó, pé kí a dúpẹ́ pé a gbìyànjú, kí àbúrò mi máa bọ̀ wá gbé ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ dáhùn, ó sì ń gbóná lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo rò pé ìyá mi gan-an ni yóò kọ́kọ́ sọ pé kí a má gbẹ́ ẹ. Ṣebí nítorí sàréè yẹn ni kò ṣe fẹ́ kúrò? Mo wò ó pé ó ti parí.

Ìyá mi wọlé pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, eruku òkúta bò ó lójú. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Kékeré, nítorí ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni, ó ti wà nílé nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wọlé ní ìyàwó. Lẹ́yìn náà ó dìde.

Ó ní, "Ọkọ mi, nígbà tí a kọ́ ilé yìí, níbo ni ẹ̀gbọ́n yín wà?"

Ìyá mi dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Oko rẹ̀ ní Ọfọ́sù ló wà. Ẹ̀yin náà ti tó ọmọ tó ń gbé omi nígbà náà, ẹ bá mi gbé e, ẹ rí i. Èmi ni mo dáná sórí àpáta. Èmi ni mo fọ́ òkúta. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé igun ilé lé òkúta yẹn, nítorí mo rò pé ó ní gbòǹgbò. Orí mi ni mo fi ru iyẹ̀pẹ̀, tèmi ti oyún eléyìí." Ó nawọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n yín dé, ó bá òrùlé lórí ilé, ó ní a kú iṣẹ́. N kò bínú, oko ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń wí kiri pé nítorí sàréè ni n kò ṣe fẹ́ kúrò. Ta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ilé mi ni n kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ."

Mo ti tó ẹni ogójì ọdún, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ilé Bàbá là ń pè é láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí àlejò bá béèrè, ilé bàbá mi ni mò ń sọ. Obìnrin tó kọ́ ọ ń jókòó láàárín wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó ń ṣa ẹ̀wà, kò sì tún ọ̀rọ̀ wa ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ojú tì mí, inú mi sì dùn, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Bàbá Kékeré fa ọ̀pá rẹ̀ yọ, ó kúrò lórí sàréè. Ó ní bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an ni yóò gbẹ́ ẹ, kí ọwọ́ àjèjì má kan ẹ̀gbọ́n òun.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Bàbá ìjọ wa wá láàárọ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀, ó tan àbẹ́là, ó ka Sáàmù, ó wọ́n omi àdúrà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá. Bàbá Kékeré bọ́ ẹ̀wù, ó gbẹ́ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wú iṣu tí kò fẹ́ kó ṣẹ́. Pósí ti jẹrà. A ti tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ láti fi gba egungun rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ sí etí ihò náà. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀. Ẹsẹ̀ ilé fẹ́ kọjá níbẹ̀." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tí ọkọ rẹ̀ ti gbà tán. Bàbá Kékeré ló sunkún. A sin bàbá mi padà sí àárín yàrá, níbi tí kò sí ògiri tó máa yọ ọ́ lẹ́nu láé.

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ sùúrù fún mi lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ìkùukùu ti ń ṣú lórí òkè. Bíríkìlà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ ihò náà lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń fi okùn fa iyẹ̀pẹ̀ jáde. Nígbà tí dígà kan àpáta, bíríkìlà kọ́kọ́ kọ̀, kò gbà á gbọ́. Òkúta ti tàn án jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá gbogbo ìsàlẹ̀ ihò náà mọ́, ó fi òòlù lu àpáta náà káàkiri, ó ní kí èmi náà sọ̀ kalẹ̀ wá fi ojú ara mi rí i. Mo ká aṣọ mi sókè, mo sọ̀ kalẹ̀. Àpáta gbalasa ni, kò ní etí níbikíbi. A to irin, a pò sìmẹ́ńtì. Òkúta tí ìyá mi fọ́ la dà sínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, abọ́ kan tẹ̀lé òmíràn, Bàbá Kékeré wà lórí ìlà pẹ̀lú wa, ó ń gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń gbé e fún ẹni iwájú. Nígbà tí òpó náà gan, wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ há àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, wọ́n gbá a wọlé títí kò fi sí àyè fún abẹ́rẹ́.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọjọ́ náà ni àbúrò mi dé láti Èkó. Ó ti ń gbọ́ nínú rédíò pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ lápá ibi tiwa, ó sì wá pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀ bó ṣe ṣèlérí. Kó tó jókòó, ó ti wọ yàrá ìyá wa, ó ń di aṣọ rẹ̀ sínú àpò. N kò bá a jà. Àdéhùn ni, èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí a ṣe é. Ìjì kọ́kọ́ jà, páànù ń hó, lẹ́yìn náà òjò dà bí ẹni tú ìkòkò dànù. Àgbàrá já láti òkè, ó pọ́n bí epo, ó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá pẹ̀lú ariwo, ó ń yí òkúta wẹ́wẹ́ lọ. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá leji ń pa. Gbogbo wa dúró nínú Yàrá Ìsàlẹ̀, èmi, àbúrò mi, Bàbá Kékeré tí omi ń kán lára rẹ̀. A ń wo ògiri. Ẹ̀rù bà mí, mo fara ti òpó káfíńtà kí wọ́n má bàa rí i. Ìyá mi nìkan ni kò wá wò. Ó wà lókè, ó ń ro ọkà.

Lóde, òkúta ńlá yẹn mì. A rí i gbogbo wa láti ojú ilẹ̀kùn. Àgbàrá ti jẹ abẹ́ rẹ̀ tán, ó tẹ̀ síwájú, ó dúró díẹ̀, ó sì yí gbìrìgbìrì lọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó wó igi ìbẹ́pẹ méjì mọ́lẹ̀ kó tó dúró. Àbúrò mi fi ọwọ́ bo orí. Ilé ò mì. Ògiri wà níbi tó wà, igun rẹ̀ jókòó sórí òpó tuntun, kò sí ìlà kankan. Bàbá Kékeré rìn lọ síbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Ó gun òkè lọ bá ìyá mi jẹ ọkà.

Nígbà tí òjò dá, ìyá mi wọ yàrá rẹ̀, ó tú àpò tí àbúrò mi ti dì, ó kó aṣọ rẹ̀ padà sínú àpótí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n bá òun gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Odindi ìdì méjì ni, ó ní kí n kó wọn sí iwájú mọ́tò. Àbúrò mi ní, "Màmá, ibi tí ẹ máa jókòó sí nìyẹn."

Ìyá mi ní, "Mo mọ̀. Gbé e fún ìyàwó rẹ, kó sè é kó tó pọ́n jù."

Mọ́tò lọ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí ìyá mi ì bá jókòó sí. Mo yí sẹ́yìn ilé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà. N kò tíì sunkún mi tán tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè, ó ń bi mí ibi tí mo wọlẹ̀ sí. Ó ní ẹrẹ̀ ti kún ẹnu ọ̀nà òun, kí n mú ìgbálẹ̀ wá.